Má Fọkàn Tán 200

Àbúrò mi, jókòó. Mo gbọ́ pé wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ àyẹ̀wò níbi tí wọ́n ti ń ṣe áàpù, inú mi dùn. Àmọ́ bí o ṣe ń yangàn lánàá pé gbogbo tẹ́ẹ̀sì rẹ ló ń tan iná àwọ̀ ewé, àyà mi já díẹ̀. Èmi náà ti rí iná yẹn rí, ojú sì tì mí lẹ́yìn rẹ̀.

Áàpù owó là ń ṣe nígbà náà. Nọ́ńbà ni sáfà fi ń kó iye owó ránṣẹ́: 500, láìsí àmì kankan lára rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ẹnì kan tún kóòdù kọ, iye owó bá di "500", ọ̀rọ̀ lásán lójú ẹ̀rọ. Àmì tó fà á kò ju ẹsẹ̀ kòkòrò lọ. Tẹ́ẹ̀sì wa kankan ò kígbe, torí ohun kan ṣoṣo tá à ń bi sáfà ni pé, ṣé 200 lo fi dáhùn? 200 ni. JavaScript ló sì wà nídìí ojú fóònù: bí o bá ní kó ro nọ́ńbà mọ́ ọ̀rọ̀, kò ní ṣírò, ṣe ló máa lẹ̀ wọ́n pọ̀. Obìnrin kan tó ní 5000 náírà, tí wọ́n san 500 fún, bá rí 5000500. Ó pè wá, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwa ò rẹ́rìn-ín.

Ohun tí 200 ń sọ kò ju pé ìránṣẹ́ ti dé. Ẹrù tó gbé dé, ìwọ ni kó o tú u wò, schema, ìwé òfin tó ń sọ bí ìdáhùn ṣe gbọ́dọ̀ rí, sì ni òṣùwọ̀n rẹ: o kọ ọ́ síbẹ̀ pé balance, iye owó tó wà nínú àpò, jẹ́ integer, nọ́ńbà odidi, pé kò gbọdọ̀ kéré sí òdo.

Ibi tó ti ń dẹkùn múni rèé. Ẹ̀yin ọmọdé á to gbogbo orúkọ sábẹ́ properties, ẹ ó rò pé ó parí. Rárá o. Properties ń sọ pé bí balance bá wá, báyìí ni kó rí. Kò sọ pé dandan ni kó wá. Bí o kò bá kọ ọ́ sínú required, sáfà lè fi àkámọ́ òfìfo, {}, ránṣẹ́, schema rẹ á sì ní kó máa wọlé. Àkójọ (array) ńkọ́? To òfin jọ sínú items títí, àkójọ tí kò ní nǹkan kan nínú á gba àárín gbogbo wọn kọjá, àfi tó o bá fi minItems dè é. Ní ti additionalProperties, tó ń sọ bóyá orúkọ tí o kò tò lè wọlé, false ni mo máa ń kọ fún sáfà tiwa. Ti ẹlòmíì, mo máa ń fi í sílẹ̀. Ẹni tó bu ènì fún ni kò ṣẹ̀ ẹni.

Má jẹ́ kí ẹ̀rọ fi ìdáhùn kan ṣoṣo hun schema fún ọ. Bí oníbàárà tó bọ́ sí i lọ́wọ́ kò bá ní orúkọ àárín, null ni yóò pe orúkọ àárín gbogbo ayé. Inú àdéhùn tí ẹ bá àwọn tó ń kọ sáfà ṣe ni kó o ti kọ ọ́. Nọ́ńbà fóònù, string ni kó o pè é, kí òdo iwájú 080 má bàa sọnù. Mo tiẹ̀ ti rí ẹni tó kọ ^[A-Za-z]+$ fún orúkọ ènìyàn: Ṣadé ò lè wọlé mọ́ nìyẹn, nílẹ̀ Yorùbá!

Kó o tó fọwọ́ sọ̀yà, ba ìdáhùn tó dára jẹ́ fúnra rẹ. Yọ balance kúrò, tàbí kó o sọ ọ́ di ọ̀rọ̀, kó o wò ó bóyá tẹ́ẹ̀sì á kígbe. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún 401 àti 404 náà. Ìdáhùn àṣìṣe ní ìrísí tí ẹ jọ ṣàdéhùn lé lórí.

Ọ̀kan ṣì wà tí schema ò lè bá ọ mú. 500000 kọ́bọ̀ àti 500000 náírà, integer ni méjèèjì, á gbà wọ́n wọlé bákan náà. Tẹ́ẹ̀sì mìíràn lo máa kọ fún ìyẹn: san 5000 náírà sínú àpò ìdánwò, béèrè balance, kó o sì ka òdo tó tẹ̀lé 5 lọ́kọ̀ọ̀kan.