Àkọlé tí Ẹ̀rọ ń Kọ Sára Àwòrán Ilé

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Bí ọ̀rọ̀ ọmọ ti rí ni ti àwòrán ilé náà rí: ẹni tí yóò kọ àkọlé sí i gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ayé òde òní, kọ̀ǹpútà ni ó ń bá ọ̀pọ̀ ayàwòrán ilé ṣe ìwò yìí, òun náà ni ó sì ń sọ àwòrán ní orúkọ. Ohun tí ó ń ṣe dáadáa nínú iṣẹ́ náà pọ̀. Ohun tí kò lè ṣe kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni owó ẹni tí ń kọ́lé ti lè ṣòfò, nítorí náà ni ó fi yẹ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n.

Ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn àti ní àwọn ìlú tí ó yí Èjìgbò ká, àwọn baba ńlá wa kò fi ìwé kọ́lé. Ẹni tí ó mọ ilé mọ a fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, a kan èèkàn, a ta okùn, agbo ilé a sì dúró. Kò sí ohun tí ó fẹ́ fi àkọlé ṣe, nítorí pé òun àti onílé jọ dúró lórí ilẹ̀ kan náà ni. Lónìí ọ̀ràn ti yàtọ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ agbègbè Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Abíjàn, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ń ti ọ̀hún kọ́ ilé sí ìlú wọn. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọ̀kan nínú wọn. Onílé wà ní Abíjàn. Ayàwòrán rẹ̀ wà ní Òṣogbo. Bíríkìlà wà ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn pẹ̀lú yanrìn àti sìmẹ́ǹtì. Àwòrán nìkan ni ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń wò. Bí wọ́n bá sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, àkọlé ni wọn yóò fi mọ̀ bóyá àwòrán kan náà ni ó wà lọ́wọ́ olúkúlùkù.

Àkọlé yìí kì í ṣe ohun púpọ̀ lójú. Ẹ wo igun àwòrán ilé ní ìsàlẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún: ẹ ó rí àpótí kan tí a kọ orúkọ onílé sí, àti ibi tí ilé wà, orúkọ ayàwòrán, ọjọ́, nọ́ńbà àwòrán àti ìwọ̀n rẹ̀. Lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, wọn a tún kọ ohun tí ó jẹ́: ìsàlẹ̀ ilé, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, iwájú ilé, tàbí inú ilé bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ là á sí méjì. Bí ìwọ̀n bá jẹ́ 1:100, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé sẹ̀ǹtímítà 1 lórí tákàdá dúró fún mítà 1 lórí ilẹ̀.

Nígbà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń yà á, tàdáwà àti rúlà oníhò ni wọ́n fi ń to àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àtúnṣe bá dé, wọn a mú bíléèdì, wọn a rọra ha tàdáwà kúrò lójú tákàdá. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni ìjọba yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́. Kò sí ilé kan tí ó ṣí kúrò ní ààyè rẹ̀ ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ àdírẹ́sì gbogbo wọn yí padà. Àwòrán tí ó bá ní ojú ewé mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni a ó ha á.

Ní ọdún 1963 ni Ivan Sutherland, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, fi han ayé pé ènìyàn lè fi kálámù oníná ya àwòrán sí ojú kọ̀ǹpútà. Ní 1982 ni ilé-iṣẹ́ Autodesk gbé AutoCAD jáde. Ọdún kan náà ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Graphisoft, tí ó ṣe ArchiCAD, sílẹ̀ ní ìlú Budapest ní Hungary. Fífa ìlà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá wọ́n kọ́ ẹ̀rọ láti máa bójú tó àkọlé pẹ̀lú. AutoCAD 2005 ni irú ọ̀rọ̀ tí ń kọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ wọ inú AutoCAD. Autotext ni ArchiCAD ń pe tirẹ̀. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ayàwòrán kò ní kọ orúkọ onílé sínú àpótí àkọlé mọ́. Ibì kan ṣoṣo ni yóò kọ ọ́ sí, nínú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ náà; àmì kan ni yóò fi sínú àpótí, tí ó dà bí ìránṣẹ́ tí a ní kí ó lọ bá wa mú orúkọ wá láti ibẹ̀. Bí a bá tún un ṣe níbi kan, ojú ewé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá ki àwòrán tuntun bọ àárín èkejì àti ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ tí a bá ti ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò yí nọ́ńbà àwọn tí ó kù padà fúnra rẹ̀.

Iṣẹ́ tí a rán ìránṣẹ́ ni ó ń jẹ́. Àwọn ayàwòrán a máa mú iṣẹ́ àtijọ́, wọn a ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ tuntun lórí rẹ̀. Bí wọn kò bá yí àkọsílẹ̀ padà, orúkọ onílé àná ni yóò hàn lójú ewé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ní lẹ́tà tí ó gún régé. Nígbà ọwọ́, bí akọ̀wé bá ṣì í kọ ní ojú ewé kan, mẹ́sàn-án yòókù yóò tú u fó. Àṣìṣe ti ẹ̀rọ kò ní ẹlẹ́rìí tí yóò ta kò ó, nítorí gbogbo wọn ni ó fohùn ṣọ̀kan. Ó sàn kí AutoCAD kọ #### síbẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí kò bá lè rí ohun tí a rán an mọ́. Ojú afọ́jú pàápàá yóò rí ìyẹn. Òfin ọdún 1969 ni ó dá ìgbìmọ̀ tí ń fi orúkọ àwọn ayàwòrán ilé sílẹ̀ ní Nàìjíríà kalẹ̀, ẹni tí ó lu òǹtẹ̀ rẹ̀ sí àwòrán ni a ó sì bi léèrè. A kò lè pe kọ̀ǹpútà lẹ́jọ́.

Ọjọ́ náà ní ewu tirẹ̀. Bí a bá rán ọ̀rọ̀ pé kí ó máa mú ọjọ́ òní wá, àwòrán oṣù kẹta tí a tún tẹ̀ ní oṣù kejìlá yóò ru ọjọ́ oṣù kejìlá, bíríkìlà yóò sì rò pé òun ni tuntun, tí a ó fi mọ ilé ìdáná sí ibi tí onílé ti ní kí wọ́n gbé e kúrò.

Ti ìwọ̀n ni ó ṣòro jù lọ láti fura sí. Ká ní ayàwòrán ṣe iṣẹ́ rẹ̀ sórí tákàdá ńlá A1 ní ìwọ̀n 1:100, tí ẹ̀rọ sì kọ 1:100 sábẹ́ rẹ̀ láìṣìnà. Onílé fi í ránṣẹ́ sórí tẹlifóònù. Ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ kò ní ju tákàdá A3 lọ, ó sì sún un kí ó lè gbà. Gígùn A3 jẹ́ ìdajì ti A1, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ ìdajì. Àwòrán ti di 1:200, ṣùgbọ́n àkọlé ṣì ń sọ 1:100. Fèrèsé tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 1.2, tí ó yẹ kí ó jẹ́ mìlímítà 12 lórí tákàdá, ti di mìlímítà 6. Bíríkìlà tí ó bá gbé rúlà lé e yóò fi àyè 60 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn ayàwòrán tí ó gbọ́n fi ń ya rúlà kékeré sí ẹ̀gbẹ́ àkọlé, nítorí pé bí àwòrán bá sún, rúlà náà á sún. Wọn a sì kọ nọ́ńbà ìbú àti gíga sí ara fèrèsé fúnra rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ lẹ́tà, èyí tí ó kan èmi olùkọ́ Yorùbá. Àwọn irú lẹ́tà àtijọ́ kan nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí kò mọ àmì ìsàlẹ̀. Àmì ìbéèrè ni wọ́n ń fi dípò ẹ àti ọ. Kí ọ̀rọ̀ má baà rí bẹ́ẹ̀, àwọn ayàwòrán a kọ IFE-ODAN. Ife ni a fi ń mu omi. Ifẹ̀ ni orúkọ ìlú. Ọ̀dàn ni pápá tí ó tẹ́ lọ gbalasa. Ọdán ni igi tí à ń gbìn fún ìbòòji. Ẹni tí ó ka ODAN kò lè mọ èwo ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Èjìgbò kan wà ní Èkó, nítòsí Ìsọlọ̀, nítorí náà àdírẹ́sì tí kò bá dárúkọ Ọ̀ṣun kò tíì pé. Lẹ́tà ẹ àti ọ ní ààyè tiwọn nínú ètò Unicode, àmì ohùn ni a ó sì gbé lé wọn lórí. Kí ayàwòrán yan irú lẹ́tà tí ó gba méjèèjì, kí ó sì tẹ Ifẹ̀-Ọ̀dàn bí ó ti yẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sínú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ojú ewé ni yóò gbà á bẹ́ẹ̀.