Bí A Ṣe Ń Yẹ Ọmú Abo Ajá Wò Nítorí Kókó

Abo ajá tó ti ń dàgbà, tí a kò yọ ilé ẹyin rẹ̀, lè ní kókó lọ́mú fún ìgbà pípẹ́ kí ará ilé tó mọ̀, nítorí kókó náà kì í sábà dùn ún. Nínú kókó ọmú ajá, nǹkan bí ìdajì ni kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ọwọ́ nìkan kò lè sọ èyí tó jẹ́ jẹjẹrẹ àti èyí tí kì í ṣe é. Ohun tí ọwọ́ lè ṣe ni pé kó tètè rí i.

Ẹ máa yẹ ọmú rẹ̀ wò lóṣooṣù. Ẹ mú ajá náà dùbúlẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ dáadáa di orí rẹ̀ mú, kó máa bá a sọ̀rọ̀.

Ọmú mẹ́wàá ni ajá sábà máa ń ní, márùn-ún lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, nítòsí itan, torí pé ọmú méjì tó gbẹ̀yìn lápá kọ̀ọ̀kan ni kókó ti wọ́pọ̀ jù. Ẹ fi orí ìka, kì í ṣe èékánná, rọra máa yí ẹran ọmú náà bí ẹni ń wá òkúta nínú ẹ̀wà. Ẹ má fo àárín ọmú kan sí èkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ kan abíyá àti ibi tí itan ti pàdé ikùn. Bí ohun kan bá wú níbẹ̀, ẹ má gbàgbé láti sọ ọ́ fún dókítà.

Ní oṣù kan sí méjì lẹ́yìn tí ajá bá wá akọ, ọmú rẹ̀ lè wú láìlóyún, kí wàrà tilẹ̀ máa jáde. Bó bá rọlẹ̀ tán, ẹ tún un yẹ̀ wò.

Bí ẹ bá rí kókó, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọmú wo ni, ṣé ó ń yí lábẹ́ awọ tàbí ó lẹ̀ mọ́ ẹran, ṣé ó ti di egbò. Èyí tó ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ ń fẹ́ àníyàn gidi, ṣùgbọ́n ti kékeré náà kì í ṣe ohun tí a ń dúró wò. Bí ọmú bá pupa, tó gbóná, tó sì ń dun ajá, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi abẹ là á, ẹ má fi ewé gbígbóná dì í, ẹ má sì fún un ní ibuprofen tiyín. Májèlé ni fún ajá.

Dókítà ẹranko á ya fọ́tò àyà rẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́ abẹ láti yọ kókó náà. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi gbogbo kókó tó bá yọ ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò, lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ajá kan náà lè ní oríṣi méjèèjì, èyí tó jẹ́ jẹjẹrẹ àti èyí tí kì í ṣe é. Owó àyẹ̀wò yìí ni kò yẹ ká yọ kúrò.

Ìwádìí kan tó jáde ní 1969 fi hàn pé bí a bá yọ ilé ẹyin ajá kó tó wá akọ rárá, ewu jẹjẹrẹ ọmú rẹ̀ kò tó 1% ti ajá tí a kò ṣe é fún. Bí a bá yọ ọ́ lẹ́yìn tó ti wá akọ lẹ́ẹ̀kan, ó di nǹkan bí 8%. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì, 26%.

Ti ológbò yàtọ̀ pátápátá: jẹjẹrẹ ni èyí tó pọ̀ jù nínú kókó ọmú rẹ̀, mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ẹ má dúró wọ̀n ọ́n, ẹ máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.