Àká Tó Wà Nínú Ẹ̀dọ̀

Ẹyin adìẹ tí mo rà ní ọjà Ìpọ̀nrí láàárọ̀ yìí rèé. Ẹ máa gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹ má jẹ́ kó fọ́. Àpòlúkù àgbàlagbà máa ń fẹ̀ tí oúnjẹ bá wọ̀ ọ́, ó lè gba lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ tó ń jẹ́ gastric bypass fún un, ibi tó kù fún oúnjẹ láti wọ̀ kì í tó ẹyin yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Tí wọ́n bá ti dárúkọ iṣẹ́ abẹ ẹni tó sanra, ọ̀pọ̀ àgbà á rántí Stella Ọbásanjọ́, ìyàwó ààrẹ wa nígbà náà, tó kú ní Spain lọ́jọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2005. Fífa ọ̀rá abẹ́ awọ jáde ni wọ́n ṣe fún un. Èyí tí mò ń sọ yàtọ̀: ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà nínú wa ló ń yí padà.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Nínú sleeve, wọ́n á gé èyí tó pọ̀ jù nínú àpòlúkù dànù, ìyókù á rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Apá tí wọ́n gé yẹn ló ń pèsè ghrelin jù, họ́mọ́ọ̀nù tó ń sọ fún ọpọlọ pé ebi ti dé. Bypass, tí Dókítà Edward Mason bẹ̀rẹ̀ ní Iowa lọ́dún 1966, kì í gé nǹkan dànù: wọ́n á pín àpòlúkù sí méjì, wọ́n á so èyí kékeré mọ́ ìfun níwájú, oúnjẹ á sì fo ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré kọjá.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Láti 1987 ni àwọn dókítà ilẹ̀ Sweden ti ń tọpa àwọn ènìyàn tó lé ní 2,000 tó ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí. Lọ́dún kẹwàá, ẹni tó wọn 120 kílò kó tó ṣe bypass ṣì máa ń wà ní nǹkan bí 90. Àtọ̀gbẹ ńkọ́? Lọ́dún kejì, nínú 100 tó ní i, 72 ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó fi di ọdún kẹwàá, 36 péré ló ṣì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù nìyí. Fítámì B12 kì í wọ ara fúnra rẹ̀. Àpòlúkù ló ń pèsè ásíìdì tó ń tú u kúrò lára ẹran àti ẹja, òun náà ló ń pèsè èròjà tó ń sìn ín dé ìsàlẹ̀ ìfun. Lẹ́yìn bypass, oúnjẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ kan ibẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ti kó B12 pamọ́ bí àgbẹ̀ ṣe ń kó àgbàdo sínú àká, ohun tó wà níbẹ̀ sì lè tó jẹ fún ọdún mélòó kan. Lọ́dún kìíní, ìyá tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà ti fọn, ó ń jó lóde ìnáwó, ó sì ti dẹ́kun àtilọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Lọ́dún kẹta tàbí ìkẹrin, àká gbẹ. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á ṣínṣín, ahọ́n pọ́n, ó ń dán, ó ń rẹ̀ ẹ́ láìṣiṣẹ́. Aládùúgbò á ní ọwọ́ ayé ni! Ó dùn mí, nítorí abẹ́rẹ́ B12 ni ìwòsàn rẹ̀. Tó bá pẹ́ jù, iṣan ẹsẹ̀ lè má padà sípò mọ́.

Fítámì B1 ní tiẹ̀ kò ní àká. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ló máa ń tán. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, tó wá ń bì lemọ́lemọ́, kó sáré lọ sí ọsibítù kí ọpọlọ rẹ̀ tó fara gbá a. Áyọ́ọ̀nù àti kálísíọ̀mù náà máa ń dín kù. Oògùn wọn di lílò títí ayé.

Mínírà tí à ń mu ńkọ́? Ṣúgà inú rẹ̀ á já wọ ìfun lẹ́ẹ̀kan náà, àyà á máa lù kìkì, òógùn á bo ẹni tó mu ún. Ibuprofen tí à ń rà ní kẹ́míìsì nígbà tí orí bá ń fọ́ wa lè dá egbò sí ojú ibi tí wọ́n ti so ìfun mọ́ àpòlúkù.

Ìfun tún lè há sínú àlàfo tí iṣẹ́ abẹ fi sílẹ̀, kódà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Tí inú bá ń run irú ẹni bẹ́ẹ̀ gidigidi, kó sọ fún dókítà kíákíá pé wọ́n ti ṣe bypass fún òun, nítorí àpá rẹ̀ kéré, bí ìbú ìka kan, dókítà lè má kíyè sí i.