BÍ A ṢE Ń JÍ Ẹ́ŃJÌNÌ ALÙPÙPÙ TÓ TI SÙN FÚN Ọ̀PỌ̀ ỌDÚN

Àṣà àti lítíréṣọ̀ ni a sábà máa ń kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí. Iṣẹ́ ọwọ́ ni tèmi lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí ó lè kó yín yọ lọ́jọ́ kan.

Ní Dakace, ní Zaria, níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ó ṣòro kí ènìyàn wọ agboolé mẹ́ta kí ó má rí alùpùpù kan tí wọ́n fi tapólì bò ní kọ̀rọ̀. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ní ọdún 2014, ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná fòfin de àwọn ọlọ́kadà, àwọn tí Hausa ń pè ní achaba. Nígbà tó di ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, wọ́n tún fòfin de gígun alùpùpù fún oṣù mẹ́ta lákọ̀ọ́kọ́, ìbáà ṣe ti iṣẹ́ tàbí ti ara ẹni, nítorí ọ̀ràn ààbò. Ẹni tí kò rí tirẹ̀ tà gbé e sílé. (Ní tòótọ́, babur ni àwa ọmọ Dakace kọ́kọ́ mọ̀ kí a tó gbọ́ alùpùpù. Ìyá mi ni ó sọ fún mi pé ìró rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.)

Alùpùpù tuntun ti kúrò ní ohun tí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí àgùnbánirọ̀ lè tètè tó. Nítorí náà, èyí tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ẹni gbé sílẹ̀ kì í ṣe irin àlòkù lásán. Ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá fọwọ́ kàn án ni ẹ́ńjìnì náà yóò ti yè tàbí kú.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnì tó dúró sójú kan? Písítìn ni ó máa ń lọ sókè sódò nínú sìlíńdà. Àwọn ríǹgì irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí i ká ni kì í jẹ́ kí agbára iná jò. Ọ́ìlì ni ó wà láàárín ríǹgì àti ògiri sìlíńdà. Bí ẹ́ńjìnì bá dúró fún ọdún mélòó kan, ọ́ìlì yẹn á ṣàn wálẹ̀, ọ̀rinrin á gba ẹnu sàlẹ́ńsà wọlé, ìpẹtà á sì lẹ ríǹgì mọ́ ògiri. Ẹni tó bá wá fi gbogbo agbára tẹ kíìkì lọ́jọ́ náà, ríǹgì lè kán, sìlíńdà a sì ya bí ìgbà tí a fi ìṣó ha dígí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo ti rí mẹkáníìkì tó so alùpùpù mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, tó ní kí wọ́n máa wọ́ ọ lọ títí yóò fi sítáàtì. Ó sítáàtì lóòótọ́. Èéfín búlúù ni ó sì ń rú títí wọ́n fi tà á fún àwọn tó ń ra irin.

Ẹ má tẹ kíìkì rárá. Ẹ kọ́kọ́ gbá eruku ìdí pílọ́ọ̀gì dànù, pàápàá eruku ọyẹ́ Zaria, kí ó má bàa já sínú sìlíńdà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tú pílọ́ọ̀gì. Ẹ da ọ́ìlì tó mọ́ bíi ṣíbí ìmutíì méjì sí ojú ihò rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ wá fi sí jíà tó ga jù, kí ẹ máa fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn síwá sẹ́yìn jẹ́jẹ́. Bí kò bá mira, ẹ po dísù àti ọ́ìlì ní ìdajì-ìdajì, kí ẹ dà á sí i, kí ẹ sì fún un ní ọjọ́ díẹ̀ sí i. Sùúrù ni oògùn rẹ̀. Nígbà tó bá ń yí, ẹ má tíì dá pílọ́ọ̀gì padà. Ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì tó kù tú jáde ní ojú ihò náà, nítorí ohun tó ṣàn kì í ṣe é fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Bí písítìn bá kọlù ú níbi tí kò ti rọ́nà jáde, irin tó gbé písítìn lè tẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ Honda CG125 ni tiyín, ẹ ṣe oríire. Ní 1976 ni Honda gbé e jáde, irú ibi tí eruku pọ̀ sí, tí àtúnṣe kì í sì í déédéé, ni wọ́n sì ní lọ́kàn: irin gbọọrọ ni ó ń ti fáàfù rẹ̀, kì í ṣe ṣéènì. Suzuki AX100 àti Jincheng AX100 yàtọ̀. Epo tó ní ọ́ìlì nínú ni ó ń mú inú ẹ́ńjìnì wọn yọ̀, nítorí náà bíárìnì ìsàlẹ̀ wọn tètè máa ń dípẹtà. Bí ẹ bá gbọ́ ìró gìrìgìrì nígbà tí ẹ ń fọwọ́ yí i, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó lè tú u.

Ẹ tú ọ́ìlì àtijọ́ dànù. Bí ó bá rí bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, omi ti wọ̀ ọ́. CG125 kò gbà ju bíi lítà kan lọ. 20W-50 dára fún ooru wa.

Kí epo tó dé ìtòsí ni kí ẹ yẹ iná wò. Ẹ ki pílọ́ọ̀gì sínú wáyà rẹ̀, kí ẹ fi ara irin rẹ̀ kan ẹ́ńjìnì ní ibi tó jìnnà sí ihò, kí ẹ wá rọra tẹ kíìkì. Iná búlúù tó ń ta pẹ́ẹ́ ni a ń fẹ́. Bí ó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì.

Epo àtijọ́ ni ọ̀tá tó kù. Bẹntiróòlù tó pẹ́ máa ń fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ohun tó kù a sì dà bí oje igi nínú kabúrẹ́tọ̀. Ẹ da ti inú táńkì nù, kí ẹ tú kabúrẹ́tọ̀, kí ẹ fi epo tuntun fọ àwọn ihò wínníwínní inú rẹ̀, kí ẹ ní kí fọkanáísà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún wọn, ihò tó bá fẹ̀ yóò máa mu epo ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ yẹ fílítà afẹ́fẹ́ àti sàlẹ́ńsà wò, nítorí eku àti agbọ́n fẹ́ràn ibẹ̀.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti sítáàtì rẹ̀, kì í ṣe inú yàrá tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí èéfín ẹ́ńjìnì ń pa ènìyàn láìjẹ́ kó mọ̀. Èéfín funfun ìbẹ̀rẹ̀ kò burú, ọ́ìlì tí ẹ dà sí i ni ó ń jó. Ẹ má fún un lépo púpọ̀. Lẹ́yìn bíi ọjọ́ mélòó kan tí ẹ ti ń gùn ún, ẹ tún ọ́ìlì pààrọ̀, nítorí èyí àkọ́kọ́ ni ó gbá ìdọ̀tí inú jọ.

Kí ẹ tó gùn ún jáde, ẹ wo búrèkì, ẹ sì wo ẹ̀gbẹ́ táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níbẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá rí 2313, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2013 ni. Irú táyà bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí ojú rẹ̀ ṣì ga tó, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀.