Ṣé Sẹ́ẹ̀lì Erin Tóbi Ju Ti Èkúté Lọ?

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ dáhùn nínú ẹ̀kọ́ yìí: kí ló mú kí erin tóbi tó bẹ́ẹ̀, tí èkúté sì kéré? Ọ̀pọ̀ ló rò pé sẹ́ẹ̀lì ńláńlá ni Ọlọ́run fi dá erin. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ kéékèèké tí a fi mọ ara ohun ẹlẹ́mìí, bí a ti ń fi búlọ́ọ̀kù mọ ilé. Búlọ́ọ̀kù ilé alájà mẹ́wàá kò ní láti tóbi ju ti ilé kékeré lọ. Iye rẹ̀ ni ó pọ̀ jù. Sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn kan tó nǹkan bí ọgbọ̀n tírílíọ̀nù. Ti erin pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Kí ló dé tí sẹ́ẹ̀lì kì í kàn máa tóbi lọ? Ẹ wo iṣu. Bí a bá se é lódidi, ìta rẹ̀ yóò ti rọ̀ kí inú tó jinná. Bí a bá gé e wẹ́wẹ́, kíá ló ń jinná. Ara ìta ni ooru ń gbà wọlé. Ibẹ̀ náà ni oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ̀gbẹ́ àpótí kan bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 1, ara ìta rẹ̀ jẹ́ 6, inú rẹ̀ sì gba 1. Bí ẹ̀gbẹ́ náà bá di 2, ìta di 24, inú di 8. Ìta pọ̀ ní ìlọ́po 4, inú pọ̀ ní ìlọ́po 8. Bí sẹ́ẹ̀lì bá tóbi jù, ẹnu ọ̀nà kò ní tó èrò inú ilé. Ìdí nìyí tí ara fi ń dàgbà nípa pé sẹ́ẹ̀lì ń pín sí méjì méjì. Àwọn kan yàtọ̀ o: pupa ẹyin ògòǹgò tí akọ kò gùn jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí a tò pamọ́ ló kún inú rẹ̀.

Ẹ tún wo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Bí a bá pín mìlímítà 1 sí ọ̀nà 1,000, ti erin fẹ̀ tó nǹkan bí 9 nínú rẹ̀, tènìyàn 7 sí 8, ti èkúté 6. Ti ewúrẹ́ kò tó 4! Ewúrẹ́ tóbi ju èkúté lọ, síbẹ̀ sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ ló kéré jù.

Nítorí náà, a kì í wo ara mọ sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ọ̀dọ́ gan-an, nítorí Nàìjíríà ni a ti ń bí ọmọ tó ní àrùn sẹ́ẹ̀lì dòjé jù lọ ní ayé. Nínú àrùn yìí, sẹ́ẹ̀lì pupa tó yẹ kó rí roboto a máa tẹ̀ bíi dòjé, a sì máa dí òpó ẹ̀jẹ̀ tóóró. Ẹni tó sígbọnlẹ̀, tí ara rẹ̀ le koko, lè jẹ́ AS láìmọ̀. Bí AS méjì bá sì fẹ́ra, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà lè jẹ́ SS.

Ẹ̀yin ará, kí ìfẹ́ tó wọra, ẹ jẹ́ kí a lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ojú lásán kò lè rí i.