Àṣírí Ẹni Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tí a kọ́ tí ó gbẹ̀kọ́ kì í já wọ ilé onílé. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò ní, "Àgò onílé o!" Bí onílé bá dáhùn pé, "Àgò yà," nígbà náà ni yóò tó wọlé. Bí ó tilẹ̀ wọlé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yóò jókòó sí; kò ní yọjú sí yàrá, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wò. Àwọn baba wa mọ̀ pé olúkúlùkù ní ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé gbogbo aṣọ kọ́ ni à ń sá lóòrùn. Ṣùgbọ́n ní ayé òde òní, àlejò kan wà tí ó ń wọlé tọ̀ wá lójoojúmọ́ láìkágò.

Ta ni àlejò yìí? Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ó ni ohun tí à ń lò lórí fóònù wa ni. Ní ọdún 1998 ni a dá Google sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2004 ni Facebook tẹ̀ lé e. À ń fi wọ́n wá ìmọ̀, à ń fi wọ́n kí ará àti ọ̀rẹ́, a kò sì san kọ́bọ̀ fún wọn. Síbẹ̀, wọ́n wà lára àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó lówó jù lọ ní ayé. Níbo ni owó náà ti ń wá? Ìpolówó ọjà ni. Oníṣòwò a máa sanwó fún wọn kí wọ́n lè gbé ọjà rẹ̀ síwájú ẹni tí ó ṣeé ṣe kí ó rà á. Kí wọ́n tó lè mọ ẹni náà, wọ́n ní láti mọ ibi tí ó ń lọ, ohun tí ó ń wá, àwòrán tí ó tẹjú mọ́, àti àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ohun tí a pè ní ọ̀fẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ìròyìn nípa wa ni a fi ń san owó rẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ Ararọ̀mí-Obu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, yóò mọ oko rọ́bà. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú, òṣìṣẹ́ a fi ọ̀bẹ ha èèpo igi ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, a sì gbé ife kékeré sí abẹ́ rẹ̀. Oje funfun a bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú ife. Igi kò wó, igi kò sì ké. Ẹ̀kán kan kò jẹ́ nǹkan lójú ẹni tí ó ń wò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá da ife ẹgbẹ̀rún igi pọ̀, ó di ọrọ̀ fún olóko. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a ṣe ń gba ìròyìn nípa wa, díẹ̀díẹ̀, láìdunni. Ohun kan ni ó fi ènìyàn yàtọ̀ sí igi: igi kò lè kọ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn lè kọ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan nínú yín wí pé, "Akẹ́kọ̀ọ́ lásán ni mí, àṣírí wo ni mo ní?" Ẹ jẹ́ kí a ro ìyá kan tí ń ta epo pupa, tí owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ kò tíì pé. Ó gbọ́ pé a lè yá owó lórí fóònù. Áàpù tí ó fẹ́ yá a lówó bi í bóyá òun lè ka gbogbo nọ́ńbà tí ó wà nínú fóònù rẹ̀. Kò kà á dáadáa; ó tẹ "bẹ́ẹ̀ ni." Ọjọ́ àtisanwó pé, ọjà kò tà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àtẹ̀jíṣẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ àna rẹ̀, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ àti olùkọ́ ọmọ rẹ̀, pé olè ni. Àwọn wọ̀nyí kò yá owó, wọn kò sì tẹ ohunkóhun. Ẹlòmíràn ni ó ṣílẹ̀kùn ilé wọn.

Èyí kì í ṣe àlọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń jẹ́ NITDA bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé-iṣẹ́ ayánilówó Soko, nítorí pé ó ń fi irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tí kò mọ̀ nípa gbèsè. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àṣírí tí ó wà lọ́wọ́ wa kì í ṣe tiwa nìkan.

Òfin kò gbàgbé wa. Abala 37 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo ilé ọmọ orílẹ̀-èdè, ìwé tí ó ń kọ àti ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ lórí ẹ̀rọ tẹlifóònù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fi ọwọ́ sí òfin tuntun kan lórí ààbò ìròyìn nípa ẹni. Òfin náà wí pé a ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ilé-iṣẹ́ ní lọ́wọ́ nípa wa, kí a mú un tún èyí tí kò tọ́ ṣe, kí a sì ní kí ó pa á rẹ́ nígbà tí kò bá sí ìdí fún un mọ́. Fún ọmọdé, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀.

A ti rí i pé òfin lè mú àgbà pàápàá. Ní oṣù keje ọdún 2024, àjọ FCCPC, tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, bu mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, tí ó ni Facebook àti WhatsApp. Àjọ náà ní ilé-iṣẹ́ náà kò jẹ́ kí àwọn ọmọ Nàìjíríà ní àṣẹ lórí ìròyìn nípa ara wọn, àti pé kò ṣe sí wọn bí ó ti ṣe sí àwọn ará ilẹ̀ mìíràn. Meta pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ìgbìmọ̀ onídàájọ́ fi ẹsẹ̀ ìtanràn náà múlẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tí a fẹ́ sun jẹ kì í fi epo para jókòó sí ẹ̀bá iná. Èkíní, kí ẹ tó gba áàpù kan, ẹ wo ohun tí ó ń béèrè. Bí áàpù tí ó wà fún títan iná bá fẹ́ ka nọ́ńbà àwọn ọ̀rẹ́ yín, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí iná fẹ́ fi nọ́ńbà ṣe, kí ẹ sì kọ̀. Èkejì, ẹ pa ohun tí ń sọ ibi tí ẹ wà nígbà tí ẹ kò bá lò ó. Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe sọ ọ̀rọ̀ aṣínà yín tàbí nọ́ńbà NIN yín fún ẹni tí kò tọ́ sí. Ẹ̀kẹrin, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó gbé àwòrán ẹlòmíràn jáde, nítorí ẹyin ni ohun tí a bá gbé síta. Bí ó bá balẹ̀, kò ṣeé kó jọ mọ́.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni sọ fóònù rẹ̀ nù. Íntánẹ́ẹ̀tì ti mú ìwé dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí kò ní ilé ìkàwé ní ìlú rẹ̀. Kí àlejò máa wá, ṣùgbọ́n kí ó kágò; kí onílé sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dáhùn pé, "Àgò yà," àti ìgbà tí ó yẹ kí ó ti ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Ìbéèrè
1. Kí ni òǹkọ̀wé fi oko rọ́bà ṣàpèjúwe? Níbo ni ènìyàn ti yàtọ̀ sí igi?
2. Kí ni ó fà á tí àna ìyá elépo fi gba àtẹ̀jíṣẹ́?
3. Dárúkọ ẹ̀tọ́ méjì tí òfin ọdún 2023 fún wa.
4. Kọ àròkọ lórí òwe yìí: "Gbogbo aṣọ kọ́ ni à ń sá lóòrùn."