Ìbáwí Yàtọ̀ sí Ìwọ̀sí: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Bọ́ọ̀lù Àwọn Ará Ọsirélíà

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò nínú oṣù yìí dá lórí ọ̀rọ̀ tí kò sí ẹni tí kò kàn nínú wa: báwo ló ṣe yẹ kí ẹni tó wà nípò àṣẹ bá àwọn ọ̀dọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ lò? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí a kò bá le koko mọ́ ọmọ, ọmọ náà kò ní ṣe àṣeyọrí. Àwọn mìíràn sì gbà pé ohun gbogbo ló tọ́ bí a bá ṣáà ti borí. Kí ọ̀rọ̀ wa má bàa jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, a ó mú àpẹẹrẹ láti ilẹ̀ Ọsirélíà, níbi tí a ti ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí, tí a dá ẹjọ́, tí àwọn tí ó kàn sì ti sọ ohun tí ojú wọn rí. Ohun tí a ó wò ni bọ́ọ̀lù kan tí àwọn ará ibẹ̀ dá sílẹ̀ fúnra wọn.

Irú bọ́ọ̀lù wo nìyí?

Bọ́ọ̀lù yìí kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀ níhìn-ín. Pápá rẹ̀ rí bí ẹyin, bọ́ọ̀lù náà fúnra rẹ̀ sì rí bí ẹyin. Ènìyàn 18 ló ń gbá a ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lè fi ẹsẹ̀ gbá a, wọ́n lè fi ìkúùkù gbá a fún ara wọn, wọ́n sì lè wó ẹni tó mú un dání mọ́lẹ̀. Òpó mẹ́rin ló dúró ní ìpẹ̀kun pápá kọ̀ọ̀kan. Bí bọ́ọ̀lù bá gba àárín òpó méjì tó ga jù kọjá, àmì 6 ni. Bí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọn, àmì 1 ni. Ìlú Melbourne ni wọ́n ti kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1859. Ìdíje àwọn ẹgbẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1897, ó sì ń jẹ́ AFL láti ọdún 1990.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan kí a tó tẹ̀síwájú. Púpọ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù yìí kò ju ọmọ ọdún 18 lọ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í sì yan ẹgbẹ́ tí wọn yóò wà. Ẹgbẹ́ ló ń yàn wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn a sì fi ilé òbí sílẹ̀ lọ sí ìlú tó jìnnà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ló ń pinnu ẹni tí yóò wọ pápá àti ẹni tí yóò jókòó. Ó dà bí bàbá, ó sì tún jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́. Ẹni tí irú agbára bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ọmọ ọlọ́mọ ní láti mọ ibi tí ó ti yẹ kí ó dúró.

Iṣẹ́ líle kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a ń sọ pé kí a máa kẹ́ ọ̀dọ́ bí ẹyin. Ẹgbẹ́ Hawthorn wọ ìdíje yìí ní ọdún 1925, wọn kò sì gba ife rí títí di ọdún 1961. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà náà ni John Kennedy. Ìdánrawò tó ń fún wọn le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń fi wọ́n wé àwọn ọmọ ogun akọni. Ara wọn le ju ti àwọn tí wọ́n ń bá díje lọ, wọ́n sì gba ife náà. Ó tún gba ife pẹ̀lú wọn ní 1971 àti 1976, nígbà tó sì kú ní ọdún 2020, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni wọ́n fi dárúkọ rẹ̀.

Kí ló mú kí irú líle bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí a fẹ́ sọ? Iṣẹ́ ara ni. Gbogbo wọn jọ ń ṣe é ní gbangba, wọ́n sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn àgbà wa ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, kí a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjèèjì ni òwe náà dárúkọ. Ẹni tó ń lo ọ̀kan ṣoṣo kò tíì bá ọmọ wí.

Ẹgbẹ́ méjì, ìdíje kan

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ẹgbẹ́ Richmond àti ẹgbẹ́ Adelaide pàdé ní àṣekágbá ìdíje náà ní Melbourne, níṣojú àwọn òǹwòran tó lé ní 100,000. Adelaide ló wà lókè pátápátá nínú tábìlì ìdíje ọdún náà. Richmond kò tíì gba ife láti ọdún 1980. Ṣùgbọ́n Richmond ló borí, àmì 108 sí 60. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ méjèèjì, ṣáájú ọjọ́ yẹn àti lẹ́yìn rẹ̀, ni ọkàn ẹ̀kọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Richmond. Ní ọdún 2016, ipò 13 ni wọ́n wà, ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ẹgbẹ́ sì fẹ́ kí wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Damien Hardwick, kúrò. Wọn kò lé e. Òun fúnra rẹ̀ yí ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ padà. Ní ọdún 2017 wọ́n bẹ̀rẹ̀ àṣà kan: agbábọ́ọ̀lù kan yóò dìde níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, yóò sì sọ nípa ẹni tó ń wò bí àwòkọ́ṣe, ìṣòro tó ti là kọjá, àti ohun tó mú inú rẹ̀ dùn jù lọ. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti jọ ń gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún wá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ara wọn. Bachar Houli, ọmọ Mùsùlùmí tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Lẹ́bánónì, wà lára wọn. Richmond gba ife ní 2017, wọ́n tún gbà á ní 2019 àti 2020.

Ẹ wá wo Adelaide. Ìjákulẹ̀ ọjọ́ náà dùn wọ́n. Ní oṣù Kínní ọdún 2018 wọ́n kó àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ sí ìpàgọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ní Gold Coast, lábẹ́ àwọn ènìyàn tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́ láti mú ọkàn wọn le. Eddie Betts wà lára wọn, ọmọ ìran àwọn onílẹ̀ Ọsirélíà tí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí àwọn òyìnbó tó dé. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ará ìlú fẹ́ràn jù lọ. Ní ọdún 2022 ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀.

Betts kọ pé kí àwọn tó lọ, òun ti sọ àwọn ọ̀rọ̀ àṣírí nípa ayé òun fún olùgbaninímọ̀ràn kan, òun sì gbà pé àṣírí náà yóò wà ní ìpamọ́. Ní ìpàgọ́ náà, wọ́n gba tẹlifóònù lọ́wọ́ wọn. Wọ́n so okùn mọ́ ọn lára, wọ́n sì ń fà á bí ó ti ń rá lórí ilẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń pariwo èébú lé e lórí. Àwọn ọ̀rọ̀ tó sọ ní ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ń jù lù ú, títí kan ọ̀rọ̀ nípa bí ó ti ń ṣe bàbá fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní wọ́n tún lo àwọn ohun tó jẹ́ ọ̀wọ̀ fún ìran òun ní ìlòkulò. Nígbà tó padà dé tó sì sọ fún ẹgbẹ́ pé kí wọ́n yọ òun àti àwọn ọmọ ìran òun kúrò nínú irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn aṣáájú agbábọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí. Ní ẹgbẹ́ méjèèjì, ọ̀dọ́ ló la ọkàn rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọ̀kan, ohun tó sọ di okùn tó so wọ́n pọ̀. Ní èkejì, ó di pàṣán. Àṣírí jẹ́ àmánà lọ́wọ́ ẹni tó gbọ́ ọ. Ẹni tó bá fi nà ẹni tó fi í pa mọ́ sí i lọ́wọ́ kò mú ọkàn rẹ̀ le. Ó kọ́ ọ pé kí ó má ṣe fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́.

Ní ọdún 2018, àjọ AFL ṣe ìwádìí, wọ́n ní ẹgbẹ́ náà kò rú òfin ìdíje. Ní 2021, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò níbi iṣẹ́ náà ní wọn kò rú òfin. Síbẹ̀, nígbà tí ìwé Betts jáde ní 2022, ẹgbẹ́ Adelaide àti olórí AFL tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Adelaide bọ́ sí ipò 12 ní 2018, ipò 11 ní 2019, wọ́n sì gbẹ́yìn pátápátá ní 2020. A kò sọ pé ìpàgọ́ náà nìkan ló fà á. Bí wọ́n tilẹ̀ ti gba ife, ohun tí wọ́n ṣe sí Betts kò ní dára.

Nígbà tí a kò fẹ́ ìbéèrè

Àìsàn kejì tó ń bá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ jà ni pé ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ a di ọ̀tá. Ní ọdún 2012, ẹgbẹ́ Essendon bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn ní abẹ́rẹ́ láti fún wọn lágbára. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ni James Hird, tó ti jẹ́ akọni ẹgbẹ́ náà nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Dókítà ẹgbẹ́, Bruce Reid, kọ lẹ́tà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà pé ọ̀rọ̀ náà ń kọ òun lóminú, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kò dúró. Àwọn ọ̀dọ́ buwọ́ lu ìwé, wọ́n sì na apá, nítorí pé àwọn àgbà wọn ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, David Zaharakis, kọ̀, nítorí pé ó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ yìí ló kó o yọ.

Ní 2013 ọ̀rọ̀ náà tú síta. Wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 2 dọ́là ilẹ̀ wọn fún Essendon, wọ́n sì dá Hird dúró fún oṣù 12. Ní oṣù Kínní ọdún 2016, ilé ẹjọ́ àgbáyé fún eré ìdárayá dá agbábọ́ọ̀lù 34 lẹ́bi pé wọ́n lo oògùn tí òfin kọ̀, wọn kò sì gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo ọdún náà. Balógun ẹgbẹ́, Jobe Watson, dá àmì ẹ̀yẹ Brownlow tó gbà ní 2012 padà. Àwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́ràn ló ru ẹrù náà.

Ní ẹgbẹ́ Collingwood, Héritier Lumumba, tí a bí ní Brazil, ta ko ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí alága ẹgbẹ́, Eddie McGuire, sọ lórí rédíò ní 2013. Ní 2014 Lumumba fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá kí a tó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, ìròyìn ìwádìí tí ẹgbẹ́ fúnra wọn ní kí a ṣe jáde, ó sì sọ pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti wọ inú ìṣe ẹgbẹ́ náà. McGuire pe ọjọ́ náà ní ọjọ́ ìwúrí. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Ohun tí a rí kọ́

Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ:

1. Ìbáwí ń tọ́ka sí ìṣe. Ìwọ̀sí ń tọ́ka sí ènìyàn. A lè sọ pé, "O kò sáré tó lónìí." Kò tọ́ kí a sọ pé, "Bàbá burúkú ni ọ́."

2. Ohun tí ọ̀dọ́ bá sọ fún wa ní ìkọ̀kọ̀ kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu wa nígbà ìbínú, nígbà àwàdà, tàbí nígbà ìpàdé.

3. Ẹni tó bá béèrè ìdí kì í ṣe ọlọ̀tẹ̀. Olórí tó bá ń bínú sí ìbéèrè, kí a tún wo ohun tó ń ṣe dáadáa.

4. Pé òfin kò mú ènìyàn kò sọ pé ohun tó ṣe dára.

Púpọ̀ nínú wa ló ti ní àbúrò, akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe dúró títí ẹ ó fi di olórí ńlá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀kọ́ yìí.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìdánrawò líle ti Kennedy àti ìpàgọ́ Adelaide?

2. Bí ẹ bá wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi àṣírí ẹlòmíràn bú u, kí ni ẹ̀yin yóò ṣe?

3. Kí ló lè mú kí ọ̀dọ́ kan má lè sọ pé "rárá" fún olórí rẹ̀? Báwo ni a ṣe lè mú kí ó rọrùn fún un nínú ẹgbẹ́ tiwa?